Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Aṣáájú Ẹgbẹ́ Wa: Ta Ló Ní Àwọn Ará Africatown Kì í Ṣe Ara Wa?

Sí Ààrẹ ẹgbẹ́ wa, sí Ìyá Ẹgbẹ́, sí akọ̀wé, àti sí gbogbo ẹ̀yin kọ́míìtì tó ń ṣètò ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa ní Amẹ́ríkà níbí,

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó tán, mo ti kí yín, ẹ jẹ́ ká lọ síbi ọ̀rọ̀ torí inú ń bí mi.

Ètò ìpàdé tọdún yìí tí ẹ kọ́kọ́ fi sórí WhatsApp, ohun tó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé ni pé bọ́ọ̀sì máa kó wa láti New Orleans lọ sí Africatown ní Mobile, Alabama, àdúgbò tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀ fún ara wọn. Inú àwa tá a wà ní apá Alabama dùn débi pé àwọn kan ti ń bèèrè aṣọ tá a máa rà. Kò pẹ́ ni ètò mìíràn jáde, Africatown ti pòórá, ẹ ti fi "ọjà rírà" sípò rẹ̀. Mo bèèrè, ẹ ní ọ̀nà jìn. Mo tún bèèrè, ni ọ̀kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ, ẹ mọ ara yín, bá fi voice note ránṣẹ́ sí gbogbo wa pé àwọn ará ibẹ̀ yẹn kì í ṣe Yorùbá gan-an, pé ará Benin Republic ni wọ́n, pé wọn ò gbọ́ èdè, wọn ò mọ ọba kankan, Kìrìsìtẹ́nì ni gbogbo wọn, kí wá ni a fẹ́ lọ wò níbẹ̀, ṣé bíríjì ni?

Bíríjì. Ó dáa. Bíríjì wà níbẹ̀ lóòótọ́, màá débẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba ni pé voice note yẹn náà ti wà ní gbangba, wọ́n ti pín in káàkiri, àwọn ọmọ wa tá a bí síbí ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti gbà pé àgbà ló sọ̀rọ̀, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ ní wọn kì í ṣe Yorùbá.

Láti January 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹrú láti òkè òkun wọlé mọ́. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, olówó kan ní Mobile, Timothy Meaher, tó ní ọkọ̀ ojú omi tó tún ní ilé iṣẹ́ pákó, bá àwọn èèyàn jiyàn pé òun máa kó ẹrú wọlé, kò sì sí nǹkan tí ìjọba máa fi òun ṣe. Ó rán William Foster, kápútẹ́ẹ̀nì, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Clotilda, wọ́n gbé wúrà $9,000 dání, ó di Ouidah, èbúté tí ìjọba Dahomey ti ń ta ẹrú, ní ibi tó ti di Benin Republic lónìí. Èèyàn bíi 110 ló rà níbẹ̀, ọ̀dọ́ àti ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn. July 1860 ni wọ́n dé Mobile, òru ni wọ́n fi kó wọn gba orí odò kọjá, Foster wá dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀. Meaher jẹ iyàn ẹ̀ gbé.

Nínú àwọn èèyàn yẹn ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oluale Kossola, tí wọ́n padà sọ ní Cudjo Lewis. Òun ló pẹ́ láyé tó fi lè ròyìn gbogbo ẹ̀ kó tó kú ní 1935. Ó ní ọba Dahomey ló ránṣẹ́ sí ọba ìlú àwọn pé kó máa fún òun ní ìdajì irè oko wọn, ọba ìlú wọn wá dáhùn pé isu àti àgbàdo tó wà nílẹ̀ yẹn ti àwọn ará ìlú ni, kì í ṣe ti òun láti fi tọrẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n dé, àwọn ọmọ ogun Dahomey ti wà lẹ́nu ibodè, àwọn obìnrin ogun wọn wà láàárín wọn, wọ́n bẹ́ ọba lórí, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí etíkun. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan tó tú ọ̀rọ̀ Kossola wò sọ pé ó jọ pé agbègbè Bantè, ní Benin Republic òde òní, ló ti wá, lọ́dọ̀ àwọn Ìṣà, Yorùbá sì ni Ìṣà ń sọ, ibẹ̀ ò jìnnà sí Ṣábẹ. Ẹ wo orúkọ wọn tó wà lákọsílẹ̀: Omolabi, Abile, Kupollee, Oluale. Ọmọ tí Kossola bí sí Alabama, ó sọ ọ̀kan ní Iyadjemi, ó sọ òmíràn ní Adeniah, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún àwọn òyìnbó, ọ̀kan fún ilé. Ṣé ẹ tún fẹ́ kí n mú ìwé ìbí wá ni?

Ọ̀rọ̀ Benin Republic yẹn wá ń kọ́? 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà tó gé wa sí méjì. Kossola ti wà ní Alabama fún bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó fa ilà yẹn, ilà tí kò bá a nílé ni ẹ wá fẹ́ fi yà á kúrò lára wa. Tí ọba Kétu tàbí ọba Ṣábẹ, tí ìlú wọn wà ní Benin Republic yẹn náà, bá dé síbi tí àwọn ọba wa péjọ sí, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sáré lọ bá wọn ya fọ́tò, ẹ ò béèrè pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ wọn.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ni Yorùbá. Nupe wà nínú wọn, Dẹ́ńdì wà, Fọ̀n wà. Mi ò ní parọ́ torí kí n lè borí yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti apá ọ̀dọ̀ wa wá ló pọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn sì jọ di ẹbí kan ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa tá a jọ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹgbẹ́ mélòó la ti fọ́ sí?

2. Ẹ ní wọn ò mọ ọba.

Èyí ló dùn mí jù torí ó fi hàn pé ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ò tíì ka ojú ìwé kan nípa wọn rí. Ẹ gbọ́ ná.

April 12, 1865 ni Kossola dárúkọ pé òmìnira dé. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn sójà àríwá, àwọn tó ń bá ìpínlẹ̀ gúúsù tó ní ẹrú jagun, sọ̀kalẹ̀ wá sí etí odò, wọ́n ń já èso mulberry jẹ lórí igi, wọ́n wá rí àwọn Kossola, wọ́n ní ẹ máa lọ, ẹ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn yẹn bèèrè pé níbo ni káwọn lọ? Àwọn sójà ní àwọn ò mọ̀. Bí òmìnira ṣe dé bá wọn nìyẹn, kò sí ilé, kò sí ilẹ̀, kò sí ìyá tàbí bàbá.

Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ padà sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ pákó àti níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, wọ́n á dé lálẹ́ wọ́n á máa hun apẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin á gbé e lọ tà láàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn. Wọ́n wá rí i pé owó ọkọ̀ náà ò lè pé láéláé. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ní kò burú, tí a ò bá lè dé ilé, ká dá ilé sílẹ̀ níbí. Wọ́n wá yan olórí. Ẹni tí wọ́n yàn ni Gumpa, ọmọ Dahomey. Mo tún un sọ o, ọmọ Dahomey, ìlú tó kó wọn lẹ́rú gan-an. Ẹni tó sún mọ́ ìdílé ọba ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi òun náà ta Foster lọ́rẹ, ó di ẹrú mọ́ wọn. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ní òun kọ́ ló tà wá, ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ààfin ni, wọ́n sì fi jẹ olórí. Wọ́n yan adájọ́ méjì tì í, Jaba àti Ossa Keeby. Wọ́n ṣe òfin: má jalè, má mutí yó, má ṣe ẹnì kejì rẹ léṣe. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á kọ́kọ́ pè é kìlọ̀ fún un, tó bá tún ṣe é, ẹgba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní kọ́ọ̀tù lórí ọ̀rọ̀ ta ni ààrẹ ẹgbẹ́ ní bíi ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ máa bojú wolẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá ti ń ka èyí.

3. Ẹ ní Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n.

Àdúrà tẹ́ ẹ fi ń ṣí ìpàdé wa, orúkọ ta lẹ fi ń ṣe é? Mo kọjá.

4. Ẹ ní kò sí nǹkan tí a fẹ́ lọ wò.

Ilẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. Nígbà tí wọ́n pinnu láti tẹ̀dó, Kossola ni wọ́n rán sí Meaher. Ó ń gé igi lọ́jọ́ kan ni Meaher wá jókòó sórí igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀, Kossola wá sọ fún un pé, ọ̀gá, àwa tá a ní ilẹ̀ tá a ní ilé ní ọ̀dọ̀ wa lẹ kó wá síbí, a sìn yín láìgba kọ́bọ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà fò dìde. Ó ní òun tọ́jú wọn dáadáa nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹrú òun, òun ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Ni wọ́n bá tún padà sẹ́nu iṣẹ́, búrẹ́dì àti mọ̀láásì ni wọ́n ń jẹ kówó lè ṣẹ́ kù, wọ́n sì fi owó wọn ra ilẹ̀, wọ́n rà lọ́wọ́ ẹbí Meaher tó kó wọn lẹ́rú gan-an, kò dín kọ́bọ̀ kan fún wọn. Ní 1872, Kossola ra bí éékà méjì ní $100. Wọ́n kọ́ ilé fún ara wọn ní ọ̀wẹ̀, tí wọ́n bá parí ti ẹnì kan wọ́n á kó lọ sí ti ẹlòmíràn. Ọ̀wẹ̀ tí a fi ń kọ́ ilé nílé náà nìyẹn, wọn ò kọ́ ọ lọ́wọ́ òyìnbó.

Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, torí àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ dúdú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni wọ́n. Òun ló di Union Missionary Baptist Church tó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ère orí Kossola wà níwájú ẹ̀. Wọ́n dá itẹ́ òkú sílẹ̀ ní 1876, àwọn àgbà ibẹ̀ a máa sọ pé ojú sàréè ibẹ̀ kọ sí ìlà oòrùn, sí apá ilé. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, Mobile County Training School, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló kọ́ Cleon Jones, tó gbá bọ́ọ̀lù baseball fún New York Mets, tó mú bọ́ọ̀lù tó parí World Series 1969, ìdíje àṣekágbá baseball. Kò sá lọ o. Ó padà sí Africatown pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, ó ń tún ilé àwọn arúgbó ṣe, ó ń kun ilé, ó ń gé koríko iwájú ilé tí kò ní olówó. Ọkùnrin tó lè máa gbé níbikíbi tó bá wù ú. Nínú wa, ẹni tó bá ra ilé tuntun ní Texas, ṣé ó tún máa ń mọ ọ̀nà àdúgbò tó ti kọ́kọ́ gbé ní Amẹ́ríkà?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan tuntun, Africatown Heritage House ṣí ní July 2023, pákó tí wọ́n yọ lára Clotilda fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀ nínú omi nínú gíláàsì. May 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí òkú ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀ odò Mobile, lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún tí àwọn èèyàn kan ti ń sọ pé ìtàn lásán ni. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ń sọ ọ́ látìgbà náà pé ọkọ̀ wà níbẹ̀. Wọn ò gbà wọ́n gbọ́.

5. Bíríjì yín wá dé.

Ní 1991 ni wọ́n parí bíríjì ńlá tí wọ́n fi orúkọ Africatown kún orúkọ ẹ̀, Cochrane-Africatown USA Bridge. Wọ́n fi orúkọ wọn dá wọn lọ́lá, wọ́n sì fi ọ̀nà bíríjì náà la ìlú wọn. Bay Bridge Road tó jẹ́ ojú ọ̀nà tí ṣọ́ọ̀bù, ibi jíjẹ àti ilé wọn wà, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé ibi pé kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, tírélà ló ń kọjá níbẹ̀ báyìí. Arúgbó tó bá fẹ́ rékọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa dúró wo ọ̀tún wo òsì títí. Láyé Kossola, réluwéè ni. Ọkọ̀ réluwéè gbá òun fúnra ẹ̀ ní 1902, ó sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara tí kò lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́, ó pe ilé iṣẹ́ réluwéè lẹ́jọ́, kọ́ọ̀tù ní kí wọ́n san $650 fún un, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Alabama wá fagi lé e. Kò rí ẹyọ dọ́là kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀, réluwéè ló pa òun náà. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló wá fún un ní iṣẹ́ pé kó máa lu agogo.

Ilé iṣẹ́ pépà náà ń kọ́? International Paper bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́bàá wọn ní òpin àwọn ọdún 1920, kò kógbá wọlé títí di 2000, òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n fún èèyàn níṣẹ́ o, mi ò sẹ́, ibẹ̀ ló fà á tí ìlú fi kún débi pé ó tó 12,000 nígbà kan. Ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn tó dàgbà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ fún yín nípa eérú. Wọ́n á ní tí ìyá àwọn bá sá aṣọ funfun síta ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ohùn ilé iṣẹ́, torí tí eérú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, aṣọ á di nǹkan tí wọ́n á tún fọ̀, a máa bà sórí ọkọ̀, a máa bà sórí ẹ̀fọ́ inú ọgbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ló ń ka iye àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ti pa nínú wọn. Ní 2017, ọ̀pọ̀ lára wọn gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kọ́ọ̀tù. Iye èèyàn ìlú náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 2,000. Táńkì epo àti ilé iṣẹ́ tó ń lo kẹ́míkà ṣì wà yí wọn ká, gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ tuntun bá fẹ́ wá síbẹ̀ ni àwọn arúgbó ìlú tún máa ń wọ aṣọ lọ sí mítìnì ìjọba ìlú Mobile láti lọ sọ pé rárá. Ẹbí Meaher ṣì ní ilẹ̀ ní agbègbè yẹn. Òpópónà kan níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn, páàkì ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ń jẹ́ Meaher.

Bíríjì tẹ́ ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

6. Ẹ ní ọ̀nà jìn. Láti New Orleans sí Mobile, I-10 ni, wákàtí méjì àti díẹ̀. Láti àárín ìlú Mobile sí Africatown, ìwọ̀nba máìlì mẹ́ta. Mo ti rí ẹ̀yin kan náà tẹ́ ẹ wa mọ́tò láti Atlanta lọ sí Dallas torí ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, ẹ sì padà lọ́jọ́ kejì.

7. Èyí ni mo kàn fẹ́ fi kún un, ẹ má bínú. Àwa èèyàn wa fẹ́ràn ibi tí ìlù bá ti ń dún. Ẹ ti lọ sí Ọ̀yọ́túnjí ní South Carolina, ẹ ya fọ́tò, ẹ wọ agbádá, ẹ gbé e sí Facebook, ó dáa, mo yìn yín, ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ dúdú Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 1970 torí wọ́n fẹ́ràn àṣà wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó yan àṣà wa lẹ lọ kí, àwọn tí wọ́n já gbà mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ ní ọ̀nà wọn jìn. Kò sí gángan ní Africatown, kò sẹ́ni tó máa dá aṣọ lé yín léjìká. Ilé pákó ni ẹ máa rí, ilé tí wọ́n ti pa tì, ṣọ́ọ̀ṣì, itẹ́ òkú, àti àwọn èèyàn tó máa wò yín lójú tí wọ́n á sì bèèrè pé, ṣé ẹ̀yin ni? Mo rò pé ìbéèrè yẹn lẹ ń sá fún.

Torí kì í ṣe Dahomey nìkan ló ta èèyàn. Àwa náà ta ara wa, gbogbo ogun ọ̀rúndún yẹn, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, ẹ mọ ibi tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbà lọ. Orílẹ̀-èdè Benin kò fi tiwọn pamọ́. Aṣojú ìjọba wọn ti wá sí Africatown gan-an, ní September 2024 wọ́n sì ṣe òfin pé ọmọ dúdú tí wọ́n kó àwọn baba ńlá ẹ̀ lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà lè gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọmọ Kossola lè di ọmọ Benin lábẹ́ òfin báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, kò tíì sẹ́ni tó fi bọ́ọ̀sì kan kí i.

Ohun tí mo ń bèèrè rèé, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́, torí àwọn tó ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀:

a. Kí ẹ dá Africatown padà sínú ètò ọjọ́ Sátidé, kí ẹ sì yọ ọjà rírà kúrò. Tí bọ́ọ̀sì bá ti di ìṣòro, àwa tá a wà ní Alabama máa wa mọ́tò wá kó yín.

b. Kí ẹni tó ṣe voice note yẹn ṣe òmíràn. Kì í ṣe ìyẹn "tí ọ̀rọ̀ mi bá bí ẹnikẹ́ni nínú" o. Kó sọ pé ohun tí òun sọ kì í ṣe òótọ́.

d. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí Clotilda Descendants Association, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó wá nínú ọkọ̀ yẹn, àti sí ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé wọ́n fẹ́ ká wá, ìgbà wo ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí ni wọ́n fẹ́. Ẹ má kàn já lù wọ́n pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ má gbé oyè kankan lọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ yín.

e. Owó tá a ń ná sórí gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, pẹ̀lú olórin tá a ń gbé wá láti Èkó, kí ẹ yọ ìdá kan nínú ẹ̀ lọ́dọọdún fún títún ilé ṣe àti itẹ́ òkú ibẹ̀. Iye tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ gbé e síta ká rí i, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ gbé e fún.

ẹ. Àwa ní lọ́yà nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní dókítà, a ní àwọn tó kàwé lórí omi àti ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìlú Mobile bá tún pe mítìnì lórí ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn arúgbó yẹn, kí ẹni méjì mẹ́ta nínú wa wà níbẹ̀, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn àwọn ará Africatown, kí wọ́n dìde tí wọ́n bá ní kí wọ́n dìde. Lọ́yà kan tó mọ ìwé ju bọ́ọ̀sì mẹ́wàá lọ níbẹ̀ yẹn.

f. Kíláàsì Yorùbá tí ẹgbẹ́ ń ṣe lórí Zoom fún àwọn ọmọ wa, kí ẹ ṣí i fún ọmọ Africatown tó bá fẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì bá àwọn olùkọ́ èdè ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Abomey-Calavi ní Benin Republic sọ̀rọ̀, kí wọ́n jókòó ti àwọn orúkọ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ẹnu Kossola àti àwọn yòókù, torí àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ kọ ọ́ bó ṣe dún létí wọn ni, ẹni tó bá gbọ́ Ìṣà lè tún un kọ dáadáa fún àwọn ọmọ tó ni ín.

Mi ò ní kí ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́dún yìí. Àkọ́kọ́ àti èkejì yẹn, ọ̀sẹ̀ yìí lè ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá máa dá mi lóhùn, ẹ má pè mí lórí fóònù lálẹ́ láti wá máa bẹ̀ mí pé kí n yọ lẹ́tà yìí kúrò, mi ò ní yọ ọ́. Ẹ dá mi lóhùn níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lè kà á. Owó ìpàdé tèmi àti ti ìyàwó mi ti wà lọ́wọ́ akápò, mi ò gbà á padà, mò ń bọ̀ ní New Orleans. Ní ọjọ́ Sátidé, ní aago méje àárọ̀, mọ́tò mi máa wà níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, ó gba èèyàn méje, àwọn mìíràn náà ti ní àwọn máa gbé tiwọn wá. Ẹni tó bá ń lọ sí ọjà lè máa lọ sí ọjà.

Èmi ni,
ọmọ ẹgbẹ́ yín láti Alabama